Ẹ má fi línkì nìkan ránṣẹ́: bí a ṣe ń sọ orin klásíkà tí à ń gbọ́ fún ara wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àwa mẹ́fà kan wà tí a máa ń fi orin tí à ń gbọ́ ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp, mẹ́rin wà ní Àkúrẹ́ níbí, ẹnì kan wà ní Oǹdó, ẹnì kan ti kó lọ sí Ọ̀wọ̀, inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì la ti mọra. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ń ṣe é fún yín, torí ó pẹ́ ká tó mọ̀ ọ́n ṣe. Tẹ́lẹ̀, línkì là ń jù. Èmi gan-an á jí laago márùn-ún àárọ̀, màá ju línkì mẹ́ta sílẹ̀, màá fi ọwọ́ àdúrà tẹ̀lé e, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń ṣí i. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn orin o, gbogbo wa la mọ áńtẹ́ẹ̀mù dénú egungun, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé orin tó gbà tó ìṣẹ́jú 40 kì í ṣe nǹkan téèyàn kàn ń tẹ̀ lójú kan, dátà á lọ, àsìkò á lọ, èèyàn á sì fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ní kóun gbọ́ ọ.

Ọjọ́ tí nǹkan yí padà, òjò ló ń rọ̀. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ọjà Ọba, iná ò sí, mo gbé fóònù sínú abọ́ kan kí ohùn ẹ̀ lè jáde dáadáa, mo ń gbọ́ ìpín kejì nínú Sìḿfónì kẹsàn-án tí Dvořák kọ, èyí tí wọ́n ń pè ní New World (sìḿfónì ni orin gígùn tí ọ̀pọ̀ olóhun èlò jọ ń lù, ó máa ń pín sí ìpín ìpín). Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ àwọn fèrè idẹ tí wọ́n rọra ń wọlé bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí ìlẹ̀kùn ààfin, kò tó ìṣẹ́jú kan rárá, lẹ́yìn náà fèrè kan ṣoṣo á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, àwọn gòjé Òyìnbó á máa mí jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹ̀. Cor anglais lorúkọ fèrè yẹn, ohùn ẹ̀ dà bíi ti ẹni tí ẹkún ti dé ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ tí kò sì fẹ́ kó jáde. Màmá kan wá gba bùbá ẹ̀, mo ní kó jókòó kí òjò dá, kò jókòó, ó dúró síbi ẹnu ọ̀nà, ìgbà tó yá ó ní, “Ta ló ń dárò báyìí?” Mo ní fèrè ni mà. Ó ní, “Fèrè kọ́, èèyàn ni.” Ó dúró títí ìpín yẹn fi parí, òjò ti dá tipẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo kọ ọ́ sínú grúùpù wa báyìí: “Ẹ kú alẹ́ o. Dvořák, Sìḿfónì No. 9, ìpín kejì, Largo, ìyẹn ni pé ó ń lọ jẹ́jẹ́. Tí dátà ò bá tó, ẹ má gbọ́ gbogbo ẹ̀, ẹ ṣáà gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́. Fèrè kan máa wọlé kó tó pé ìṣẹ́jú kan, oníbàárà mi kan búra pé èèyàn ni. Ẹ gbọ́ ọ kí ẹ sọ tiyín.” Ká tó sùn, àwọn mẹ́rin ti gbọ́ ọ, ẹni tó wà l'Ọ́wọ̀ ní òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì ìyàwó ẹ̀ ló ní kó tún un tẹ̀. Línkì kan náà ni o, mo ti fi í ránṣẹ́ rí, kò sẹ́ni tó wò ó. Ohun tó yàtọ̀ ni pé lọ́tẹ̀ yìí mo fi ibi tí etí wọn máa jókòó sí hàn wọ́n.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ sọ orin tí ẹ ń gbọ́ fún ẹnìkejì, ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ ẹ̀ kó pé. Orin klásíkà ò dà bí jùjú tí ẹ máa dárúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti rẹ́kọ́ọ̀dù, tó tán. Tí ẹ bá ní “mò ń gbọ́ sònátà dùùrù Beethoven”, èwo nínú sònátà 32 tó kọ? Haydn kọ sìḿfónì tó lé ní 100, tí ẹ bá ní “sìḿfónì Haydn” ẹ ò tíì sọ nǹkan kan. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn orúkọ yẹn ni kí ẹ má fò. Op., ìyẹn opus, nọ́ńbà iṣẹ́, ni wọ́n ń kọ sára iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wọn, ti Mozart máa ń jẹ́ K, torí Köchel ló to iṣẹ́ ẹ̀ jọ tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1862, ti Bach ń jẹ́ BWV, ìyẹn ìwé tí wọ́n to iṣẹ́ tiẹ̀ sí. Tí ẹ bá ti fi nọ́ńbà yẹn sí i, ẹni tó wà l'Óǹdó á kàn tẹ̀ ẹ́ sórí YouTube, orin yẹn gan-an ló máa bá pàdé. Ẹ sọ ìpín tí ẹ wà pẹ̀lú, ìpín kìíní ni àbí ìkẹta, torí sìḿfónì kan lè ní ìpín mẹ́rin tí wọ́n yàtọ̀ síra bí ilé mẹ́rin.

Àwọn orúkọ kan tún wà tó máa ń ṣini lọ́nà. Ẹ tẹ Fela sórí YouTube, ẹ rí i pé Fela Aníkúlápó ni wọ́n máa gbé wá, tó bá jẹ́ Fela Sowande, ọmọ Yorùbá tó kọ orin klásíkà, lẹ ń wá, ẹ gbọ́dọ̀ kọ Sowande tì í. Ẹ tẹ Samuel Coleridge-Taylor tó kọ orin klásíkà, ẹ ṣọ́ra, akéwì Òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ Samuel Taylor Coleridge, àwọn méjèèjì ò bára tan. Strauss náà, Johann ló ni Blue Danube tí wọ́n ń fi jó wọ́ọ́tìsì, Richard ló ni àwọn orin ńlá tí ilẹ̀ ń mì sí, wọn kì í ṣe ẹbí.

Èkejì, ẹ sọ ẹni tó ń lù ú. Àwọn èèyàn máa ń rò pé kò sí nǹkan ńbẹ̀, wọ́n á ní ṣebí orin kan náà ni wọ́n kọ sórí ìwé. Ẹ jẹ́ kí n fi Goldberg Variations ṣàpẹẹrẹ, Bach ló kọ ọ́, ó jáde lọ́dún 1741. Orin kékeré kan ló fi bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Aria, ó wá yí i padà lọ́nà 30, ó tún wá padà sí Aria yẹn. Ọmọ Kánádà kan tó ń jẹ́ Glenn Gould gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1955 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 22, gbogbo ẹ̀ ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 38 lọ, ọwọ́ ẹ̀ ń sáré bí àparò. Lọ́dún 1981 ó tún padà gbà á sílẹ̀, ó wá di nǹkan bí ìṣẹ́jú 51. Aria tó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ò pé ìṣẹ́jú méjì, ti 1981 lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, nóòtì kan náà o! Ṣùgbọ́n èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ńṣe ló ń fi nóòtì kọ̀ọ̀kan lélẹ̀ bí ẹni ń kó ẹyin jáde nínú apẹ̀rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú, lọ́mọ 50. Tí ẹ bá fi earpiece gbọ́ ọ, ẹ ó máa gbọ́ ohùn òun fúnra ẹ̀ tó ń hùn ún lábẹ́ dùùrù, kò lè pa á mọ́ra. Báwo lẹ ṣe máa kọ “mò ń gbọ́ Goldberg” kí ẹ má sọ èyí tó jẹ́? Nígbà kan èmi àti arákùnrin kan nínú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú síra lórí ẹ̀, èmi ní orin yẹn ń tu èèyàn lára, òun ní ó ń lé èèyàn kiri, àṣé 1955 ló wà létí tiẹ̀, 1981 ló wà létí tèmi, òtítọ́ làwa méjèèjì ń sọ.

Ẹ̀kẹta lèmi fẹ́ràn jù: ẹ dárúkọ ìṣẹ́jú. Ẹ tọ́ka sí ibi kan, ibi kan péré, ibi tí ọwọ́ yín ti dúró lórí ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ mú Messiah tí Handel kọ, torí kò sí akọrin Àkúrẹ́ tí kò mọ Hallelujah inú ẹ̀. Jámánì ni wọ́n ti bí Handel, Lọ́ńdọ̀nù ló fìdí kalẹ̀ sí, ọjọ́ 24 ló fi kọ gbogbo Messiah lọ́dún 1741, ìlú Dublin ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ kọ ọ́ fáráyé gbọ́ ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1742. Tí ẹ bá ní “mò ń gbọ́ Messiah” lásán, ẹ ti ní kí ẹnì kan lọ jókòó fún nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kó lọ sí Hallelujah, kó gbọ́ ibi tí sópránò, ohùn obìnrin tó ga jù, ti di “King of Kings” mú lórí nóòtì kan, tí àwọn tó kù ń dá a lóhùn nísàlẹ̀ bí omele ṣe ń dá ìyáàlù lóhùn, tí sópránò á gun àtẹ̀gùn kan sókè, á tún dì í mú, á tún gun òmíràn, onítọ̀hún á lọ wá a, torí ó ti mọ ohun tóun ń wá.

Ìdákẹ́jẹ́ kan tún wà nínú orin yẹn, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí. Wọ́n á ti pariwo “Hallelujah” lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo ẹ̀ á wá dúró gbì, kò sí ohùn, kò sí dùùrù, lẹ́yìn náà ni Hallelujah tó kẹ́yìn á wá wọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Àkúrẹ́ níbí, ọjọ́ kérésì, a dé ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹnì kan lẹ́yìn ò dúró, “Ha” tiẹ̀ nìkan ló ró gbọnrangandan nínú ilé Ọlọ́run. Arákùnrin yẹn ò wá síbi ìdánrawò fún oṣù méjì. Ó dùn mí gan-an, torí kò sẹ́ni tó kọ́ wa pé ìdákẹ́jẹ́ náà wà lára orin, ńṣe là ń kà á bí ibi téèyàn ti ń mí. Látìgbà náà, tí mo bá fi orin yẹn ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni, ibẹ̀ ni mo máa ń tọ́ka sí. Mo máa ń ní kí wọ́n gbọ́ bí gbọ̀ngàn yẹn ṣe ń dún nígbà tí kò sẹ́ni tó ń kọrin, ìró tó ṣẹ́kù lókè àjà ń rọra lọ kó tó di pé wọ́n tún gbẹ́nu sí i.

Ẹ fi Yorùbá sọ ohun tí ẹ gbọ́, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti rí àwọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ orin klásíkà, wọ́n á lọ kó gírámà inú ìwé wá, ẹni tó ń kà á á sì máa rò pé òun ò kàwé tó láti gbọ́ orin yẹn. Èdè wa lọ́rọ̀ ìró ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fèrè kékeré máa ń ró gooro. Gòjé lè máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìlù ńlá tó wà lẹ́yìn ọkẹ́sítírà á dún gbì, àyà á já. Sẹ́lò, gòjé ńlá tí wọ́n ń jókòó lù, ní tiẹ̀, ohùn àgbàlagbà ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ láì gbójú sókè ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ gángan rí mọ ohun tó ń jẹ́ kí ohùn kan béèrè kí èkejì dáhùn, ohun tí Bach sì ń fi ọwọ́ méjì ṣe lórí dùùrù nìyẹn. Àǹtí kan nínú wa tó ń tajà ní Oǹdó kọ ọ́ nígbà kan pé ìpín ìkẹta inú sìḿfónì karùn-ún Beethoven dà bí ẹni tó ń yọ́ wọlé lóru kí wọ́n má gbọ́, tó wá dé ìpín ìkẹrin tó tanná. Ìpín méjèèjì yẹn so mọ́ra lóòótọ́, kò sí ìdádúró láàárín wọn, àwọn gòjé á máa pòṣé lórí ìlù tó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ohùn á máa ga díẹ̀díẹ̀, gbogbo fèrè idẹ á wá bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ti ń gbọ́ orin yẹn fún ọdún mẹ́jọ kí n tó kà á lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ má gbàgbé tiwa. Mo rí àwọn tó ń gbọ́ klásíkà ní Àkúrẹ́ tí wọn ò mọ̀ pé Yorùbá ń kọ ọ́ látìgbà pípẹ́. T.K.E. Phillips tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 títí di 1962, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá lọ́dún 1953. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù ni pé kí ohùn orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ẹ wo àwọn hímù tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì, ohùn orin á gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ bí “ọkọ” sórí irú ohùn bẹ́ẹ̀, tó bá gòkè lẹ́yìn, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko lẹ kọ yẹn, tó bá sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ ni. Ẹ dán an wò lẹ́nu yín nísinsìnyí. Fela Sowande tí wọ́n bí lọ́dún 1905 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Phillips, òun ló kọ African Suite lọ́dún 1944 fún gòjé àti háàpù, òun náà ló kọ Folk Symphony fún òmìnira 1960. Ó kọ Oyigiyigi fún dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, orin ilẹ̀ wa ló mú tó ń yí padà lóríṣiríṣi, tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí àgbàlagbà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má wo dùùrù, kí wọ́n máa wá orin tí wọ́n mọ̀ nínú ẹ̀. Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Akin Euba, ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn, 1935. Bánkọ́lé ò dàgbà, ó kú ní 1976, Euba wà títí di 2020, òun ló ń mú kí dùùrù máa sọ̀rọ̀ bí ìlù. Coleridge-Taylor tí mo dárúkọ lókè, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i, bàbá ẹ̀ wá láti Sàró, lọ́dún 1905 ó tẹ orin dùùrù 24 jáde tó mú láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn dúdú, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Oloba, orin Yorùbá ni. Ẹ ò rí nǹkan!

Ọ̀rọ̀ dátà, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ YouTube, ẹ rẹ àwòrán sílẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ohun tí ẹ fẹ́ ni ohùn. Ẹ má gba orin sílẹ̀ sínú vọ́ìsì nóòtì kí ẹ fi ránṣẹ́, ó máa ń pa á lára, gòjé á máa dún bí ẹ̀fọn. Línkì ló dáa jù, ẹni tó lù ú náà á rí nǹkan díẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá mọ nóòtì kà, IMSLP ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2006, ìwé orin àwọn tó ti kú tipẹ́ wà ńbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ya àwòrán ìlà tí ẹ ń sọ ẹ ṣáà fi tì í. Ẹ má fi ju ẹyọ kan lọ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

Èsì ni ó kù. Tí ẹnìkejì bá ti fi tiẹ̀ ránṣẹ́, ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó fèsì, àwòrán àtẹ́wọ́ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ láì gbọ́ nǹkan kan, ẹni tó fi orin ránṣẹ́ máa ń mọ̀. Tí kò bá dùn mọ́ yín, ẹ sọ ibi tó ti sọ yín nù. Bàbá olùkọ́ kan wà nínú wa, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, mo fi orin kan tó le díẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo bá ọ lọ dé ìṣẹ́jú kẹfà, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti yẹ̀, padà wá mú mi.” Mo pè wọ́n, mo ní kí wọ́n fọkàn tẹ̀lé ohùn sẹ́lò nìkan láti ibẹ̀ lọ, kí wọ́n fi àwọn tó kù sílẹ̀. Wọ́n pè mí padà ní ìdajì wákàtí, wọ́n ní àwọn ti kọjá. Tí wọ́n bá ti kàn ní “orin yìí ò dáa”, ibi tí ọ̀rọ̀ máa parí sí nìyẹn.

Tèmi lọ́sẹ̀ yìí rèé: Fela Sowande, African Suite, 1944, ìpín tó kẹ́yìn, Akinla. Gòjé àti háàpù ni gbogbo ẹ̀, kò sí ìlù kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n háílàìfù ló ń ṣe lábẹ́ aṣọ. Mo ń ran etí ṣòkòtò kan lọ́wọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ẹsẹ̀ mi ti kúrò lórí ìwọ̀n ìránṣọ, ó ti ń tẹ pẹ́dà ẹ̀rọ tẹ̀lé gòjé, ojú ìrán ti sún mọ́ra jù níbì kan, ó ti jìnnà jù níbòmíràn, mo ní láti tú u. Ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ẹsẹ̀ yín, kí ẹ wá sọ ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀ fún mi.